Omi Tí Bàbá Kò Mu Nínú Ọ̀gbun

[Ọjọ́rú ni. Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́ ní Sùúrùlérè. Ọ̀sán gangan ni ní Texas. Láti Texas ni Rótìmí ti fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Moyọ̀sọ́lá, ní Sùúrùlérè. Bàbá wọn, Bàbá Àkàngbé, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ti wà lọ́dọ̀ Rótìmí láti oṣù tó kọjá.]

[Dòdò ń hó nínú epo. Ẹ̀rín àwọn obìnrin láti pálọ̀.]

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Hẹ́lò? Rótìmí! Àlàó mi!

RÓTÌMÍ: Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé dáadáa lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ilé ìwé ńkọ́—

MOYỌ̀SỌ́LÁ: A dúpẹ́ o. Kí ló dé tó o fi ń sáré kí mi bí ẹni tó gbé nǹkan sórí iná? Èmi ni mo gbé nǹkan sórí iná o, kì í ṣe ìwọ.

RÓTÌMÍ: Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, question kékeré kan ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá, èyí tó funfun yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó lójúmọ́ àbí ẹ̀ẹ̀mejì?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Ẹ̀ẹ̀kan. Láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Kí ló dé?

RÓTÌMÍ: Lẹ́yìn oúnjẹ. Okay. [Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.]

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Ta ló ń lé ẹ?

RÓTÌMÍ: Kò sẹ́ni tó ń lé mi. A wà níta ni. Afẹ́fẹ́ lẹ ń gbọ́ yẹn. Tí èèyàn bá lo oògùn yẹn tí kò jẹun, ṣé òyì lè kọ́ ọ?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Níta wo? Bàbá dà?

RÓTÌMÍ: Wọ́n wà níbí. Wọ́n jókòó.

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Sórí kí ni?

RÓTÌMÍ: Sórí òkúta. Àǹtí, network ibí yìí ò da. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Mo gbọ́ ẹ. Òkúta wo ló wà nínú ilé rẹ?

RÓTÌMÍ: A ò sí nílé. Canyon kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ téèyàn bá wakọ̀. Ọ̀nà wà nínú ẹ̀ tí gbogbo ayé ń rìn. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n ń rìn ín! Àwọn tó ń fa ajá! Oṣù kan gbáko ni Bàbá fi ń wo ògiri, èmi ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń bọ̀. Mo wá gba off lónìí, mo ní kí n mú wọn jáde kí wọ́n rí nǹkan—

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Canyon. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?

RÓTÌMÍ: Ọ̀gbun ni. Ọ̀gbun ńlá láàárín òkúta pupa. Èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, á sì gùn ún padà.

MOYỌ̀SỌ́LÁ: O mú ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun.

RÓTÌMÍ: Àwọn fúnra wọn ní àwọn lè ṣe é! Wọ́n ní ogún ọdún làwọn fi gun orí òkè àdúrà. Wọ́n tiẹ̀ ń ṣáájú mi nígbà tí à ń sọ̀. Wọ́n ń kọrin. Àṣé ẹ̀tàn ibẹ̀ nìyẹn. Orí òkè tiwa, gígùn ló máa ń ṣáájú. Tó bá fi máa rẹ èèyàn, ó ti ń sọ̀ bọ̀ wálé. Ibí yìí, sísọ̀ ló ṣáájú. Ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ tán ni òkè á ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde dúró níwájú ẹ.

ÀǸTÍ GERTRUDE: [láti pálọ̀] Moyọ̀! Dòdò yẹn ti ń jóná o! Ìyá Ìjọ ti dé, wọ́n ní kó o jáde wá jó kí àwọn rí ẹ!

RÓTÌMÍ: Ta nìyẹn? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Kò sí nǹkan kan. Àǹtí Gertrude ilé kejì ni. Àwọn obìnrin ìjọ ló yà kí mi. Dúró ná. [Ó pa iná. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, ó sì tì. Ariwo jẹnẹrétọ̀.] Ó yá, sọ̀rọ̀. Kí ló ṣe Bàbá gan-an? Má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

RÓTÌMÍ: A ti gùn ún dé ìdajì. Wọ́n dúró, wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn ń bọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti jókòó. Ètè wọn ti funfun bí ẹfun. Wọn ò làágùn mọ́, nínú oòrùn yìí! Òyìnbó obìnrin kan tó ń fa ajá ló bọ́ fìlà ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ṣàdúrà fún un títí, ìyẹn náà jókòó tì wọ́n, kò lè lọ mọ́.

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Ṣé o ti pe èèyàn?

RÓTÌMÍ: Mo ti pe àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń tọ́jú ọ̀nà yìí. Wọ́n ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi rìn. Ó lè tó ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n ní kí n rí i pé Bàbá ń mu omi, pé ohun tó lè—

[Ohùn já.]

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Ohun tó lè kí ni? Rótìmí! Ṣé o gbọ́ mi?

RÓTÌMÍ: —pé ohun tó lè gbà wọ́n nìyẹn kí àwọn tó dé.

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Fún wọn lómi nígbà náà!

RÓTÌMÍ: Wọn ò mu ún! Ike omi mẹ́ta ló wà nínú báàgì mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń nà án sí wọn, wọ́n ń gbà á, mo rò pé wọ́n ń mu ún. Àṣé orí ni wọ́n ń dà á lé. Mo ní, “Bàbá, ẹ mu ún.” Wọ́n ní, “Tó bá yá.” Mo dín ẹyin láàárọ̀, wọ́n ní inú àwọn kún. Àǹtí mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Jẹnẹrétọ̀ nìkan.]

RÓTÌMÍ: Àǹtí Moyọ̀? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Mo gbọ́. Jésù o. Rótìmí, ààwẹ̀ ni.

RÓTÌMÍ: Ààwẹ̀ kí ni?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Bàbá ń gbààwẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, láti ọjọ́ Ajé. Aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò sí oúnjẹ, kò sí omi. Òní ló máa parí.

RÓTÌMÍ: Ẹ mọ̀? Àǹtí, ẹ mọ̀! Dókítà ti sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀—

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n má sọ fún ẹ.

RÓTÌMÍ: Nítorí kí ni?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Nítorí pé tó o bá gbọ́ ààwẹ̀ báyìí, wàá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù dókítà. Àti nítorí— màá ṣàlàyé. Gbé fóònù sétí Bàbá. Put it on speaker.

RÓTÌMÍ: [ohùn rẹ̀ jìnnà] Bàbá, Àǹtí Moyọ̀ ni.

[Afẹ́fẹ́. Ajá kan gbó.]

BÀBÁ: [Ohùn rẹ̀ gbẹ.] Àjọkẹ́. Àjọkẹ́ mi, ọmọ tí gbogbo agbo ilé pawọ́ pọ̀ kẹ́. Ta ló dẹ́rù bà ọ́ tí ohùn rẹ fi ń gbọ̀n?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Bàbá mi, ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi.

BÀBÁ: Ọjọ́ kẹta nìyí, ọmọ mi. Èèyàn kì í wẹ odò dé èbúté tán kó wá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìgbì.

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Aago mẹ́fà ti kọjá l'Ékòó, Bàbá! Ó ti ń lọ sí aago méje. [Ìpè ìrun ìrọ̀lẹ́ láti ẹ̀rọ gbohùngbohùn.] Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pèrun ní mọ́ṣáláṣí òpópónà wa. Oòrùn ti wọ̀. Ààwẹ̀ ti já. Ẹ mu omi.

BÀBÁ: [Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wúkọ́.] Mo gbọ́. Ohùn Alùfáà Sùnmọ́nù ni. Ṣùgbọ́n oòrùn tó wọ̀ l'Ékòó kọ́ ló wà lágbárí mi, Àjọkẹ́. Ṣé ká wá máa fi aago rẹ́ Ọlọ́run jẹ ni?

RÓTÌMÍ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà—

BÀBÁ: Má bẹ̀ mí, Àlàó. Ẹ̀jẹ́ kì í ṣe aṣọ tí à ń bọ́ nítorí ooru. Kókó kan sọ lọ́yàn ẹ̀gbọ́n rẹ. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Mo sọ fún Ọlọ́run pé kí Ó fún wa ní èsì rere, pé n kò ní fi omi kan ètè mi lọ́sàn-án títí ọjọ́ kẹta yóò fi pé.

RÓTÌMÍ: Kókó? Kókó wo?

BÀBÁ: Irú èyí tó mú ìyá yín lọ. Nígbà tìyá yín, mo ń jẹun. Mo ní ara rẹ̀ á yá, mo ń jẹun. N kò ní jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

RÓTÌMÍ: Àǹtí Moyọ̀, kókó wo? Ẹ ò sọ fún mi!

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Rótìmí, dákẹ́ ná! Bàbá. Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Mò ń gbọ́ ọ. Ariwo àwọn wo ló wà lẹ́yìn rẹ? Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

[Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Orin àti àtẹ́wọ́ tú jáde.]

ÀǸTÍ GERTRUDE: Moyọ̀sọ́lá, ẹni tí a wá bá yọ̀ ló sá sẹ́yìn ilé yìí? Wọ́n ti ń— Áà! Ta ló pa ẹ́ lẹ́kún?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn.

[Ilẹ̀kùn tì.]

BÀBÁ: Wọ́n ń bá ọ yọ̀. Kí ni wọ́n ń bá ọ yọ̀ lé lórí?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Èsì ti jáde, Bàbá.

RÓTÌMÍ: Hẹ̀n?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Kókó lásán ni. Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọlọ́run ti dáhùn. Ẹ mu omi, Bàbá mi, ẹ mu omi.

BÀBÁ: Ògo! Ògo ni fún Ẹni tó— Ìgbà wo ló jáde? Ìsinsìnyí?

[Jẹnẹrétọ̀.]

BÀBÁ: Àjọkẹ́. Ìgbà wo?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Àná.

BÀBÁ: Àná.

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Aago mẹ́wàá àárọ̀ àná.



BÀBÁ: Ṣùgbọ́n mo pè ọ́ lánàá. Ìdajì wákàtí la fi gbàdúrà.

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà kí n tó lanu. Ẹ ní, “Olúwa, wo ẹnu mi tó gbẹ.” Èmi ti jẹun yó nígbà yẹn, Bàbá. Ojú tì mí. Mo kàn ń ṣe àmín.

BÀBÁ: Àmín rẹ tiẹ̀ ròkè ju tèmi lọ.

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Mo ní màá pè yín padà. Àwọn èèyàn wá ń wọlé, èyí ń lọ, èyí ń bọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ní kí ẹ kúkú parí ẹ̀ lónìí kí n tó sọ ọ́, kó má baà hàn pé mo fi yín sílẹ̀ nínú ebi.

BÀBÁ: Kí lo jẹ?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Bàbá—

BÀBÁ: Mo ní, kí lo jẹ?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Ìrẹsì. Àti dòdò. Àti adìyẹ.

BÀBÁ: Ta lo kọ́kọ́ sọ fún?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Àǹtí Gertrude. Lẹ́yìn náà, àwọn tíṣà ilé ìwé wa ní Yábàá. Mo sì… mo fi sí status WhatsApp mi.

RÓTÌMÍ: Status wo? Èmi ò rí status kankan!

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Mo hide ẹ fún ẹ. Kó o má baà fi han Bàbá.

RÓTÌMÍ: Áà! Sùúrùlérè mọ̀, Yábàá mọ̀, ó wá ku ẹni tí ẹnu ẹ̀ gbẹ!

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Bú mi, Rótìmí, o jàre mi. Adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ló rí ìwòsàn, ẹyọ kan ló padà wá dúpẹ́. Àárín àwọn mẹ́sàn-án yòókù ni mo wà. Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ kọ́kọ́ mu omi, kí ẹ tó bínú sí mi. Ẹni tó ní agbára ló ń bínú. Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́.

[Ohùn já, ó sì padà.]

BÀBÁ: Moyọ̀sọ́lá.

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Sà. Bàbá, orúkọ ilé ìwé lẹ pè mí yẹn.

BÀBÁ: Moyọ̀sọ́lá. Ẹni tó bẹ̀ wá pé ká bá òun ṣọ́nà kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lọ sùn.

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Bẹ́ẹ̀ ni sà.

BÀBÁ: Èsì náà, ojú ara rẹ lo fi rí i? Wọn ò fi ẹnu lásán sọ ọ́ fún ọ?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Ojú mi ni mo fi kà á. Ìwé ẹ̀ wà nínú Bíbélì mi.

BÀBÁ: Kò sí nǹkan kan lára rẹ?

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Kò sí nǹkan kan.

BÀBÁ: Rótìmí. Ṣí omi yẹn.

[Ìdérí ike já. Ó ń mu omi. Ó wúkọ́. Ó tún ń mu.]

RÓTÌMÍ: Ẹ rọra, Bàbá. Díẹ̀díẹ̀. Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ mi? Wọ́n ń mu ún! Wọ́n ń mu ún!

MOYỌ̀SỌ́LÁ: [Ó ń sunkún.] Olúwa, mo dúpẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn ńkọ́?

RÓTÌMÍ: Mo ti ń rí wọn lókè, wọ́n ń sọ̀ bọ̀. Àǹtí, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Láàárọ̀ yìí, mi ò wojú Bàbá dáadáa. Fọ́tò ni mò ń yà. Mo ní kí wọ́n dúró síbí, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín fún mi, pẹ̀lú ètè gbígbẹ yẹn—

[Ohùn já.]

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Rótìmí? Sún fóònù mọ́ ẹnu Bàbá. Bàbá, ẹ bú mi bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ pè mí bí ẹ ṣe máa ń pè mí. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Afẹ́fẹ́. Ohùn ń já, ó ń so.]

BÀBÁ: —omi yìí— ó tutù—

MOYỌ̀SỌ́LÁ: Bàbá? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Àjọ—

[Ìlà já.]