Kílíṣí Inú Èlùbọ́ Ìyá Rúkà

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, mọ́tò yóò wá kó ẹrù Ìyá Rúkà kúrò ní Doka, ní Kàdúná níbí, lọ sí Ìlọrin, èmi ni mo sì bá a di ẹrù náà. Ẹ má retí pé kí n máa sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́ o, èmi kì í ṣe ẹlẹ́kún. Iṣẹ́ ẹrù dídì ni iṣẹ́ mi, bí mo sì ṣe ń tú páálí ni mo ṣe fẹ́ tú ọ̀rọ̀ yìí fún yín, màá kó gbogbo rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbàlagbà kan ń fi ilé tó ti ń gbé láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ sílẹ̀, nítorí ó gbà pé ọpọlọ òun ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe ọpọlọ rẹ̀. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi náà mọ̀, ẹ̀yin sì ni ẹnì kẹta tó máa gbọ́.

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ará Ìlọrin ni bàbá àti ìyá mi. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Doka, mo máa ń bá àwọn èèyàn di ẹrù ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọn lókè òkun. Mo mọ òfin iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹran kò gbọ́dọ̀ lọ, ì báà gbẹ bí igi. Wàrà àti ẹyin kò gbọ́dọ̀ lọ. Gbogbo ohun tó bá wà nínú páálí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, ẹni tó ni ín á sì buwọ́ lù ú. Mi ò gba gbẹ̀rẹ́. Bí ẹnì kan bá ní kí n ṣe ojú àánú, díẹ̀ báyìí ni, màá tú páálí rẹ̀ sílẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. "Haba Hajiya!" ni wọ́n máa ń pariwo. Wọ́n tilẹ̀ sọ mí ní Ìyá Kọ́sítọ́ọ̀mù, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi.

Ìyá Rúkà yìí ló bá mi gba ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ onílé nígbà tí ọkọ mi kú. Opó ni òun náà, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jù mí lọ, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí. Rúkà àti Ràṣídì ọmọ mi ń gbé ìlú kan náà ní Kánádà. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí Rúkà ti wojú Ọlọ́run títí, ó bímọ. Ìyá rẹ̀ bá kó ẹrù wá bá mi: gàrí, èlùbọ́, ata gígún, ọṣẹ dúdú, àti ọ̀já òfì tó fi pọn Rúkà fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ká ọ̀já náà kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Mo bi í bí mo ṣe máa ń bi gbogbo èèyàn. "Ẹ̀gbọ́n, babu nama?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Wallahi, kò sí ẹran kankan. Ta ló fẹ́ kó sí wàhálà rẹ, Ìyá Kọ́sítọ́ọ̀mù?"

Ó buwọ́ lùwé, ó sì lọ kírun àílà. Páálí náà ṣì wà lórí òṣùwọ̀n, kò sì tíì kún ìwọ̀n tó yẹ kó gbà. Kílíṣí wà lábẹ́ tábìlì mi, ẹran gbígbẹ aláta tí Ràṣídì fẹ́ràn láti kékeré. Gbogbo ìgbà tó bá ti pè mí ló máa ń béèrè rẹ̀, èmi náà á sì sọ fún un pé òfin kò gbà. Lọ́jọ́ yẹn, àárò ọmọ mi ń sọ mí gan-an ni. Mo tú ojú àpò èlùbọ́ tí Ìyá Rúkà ti fọwọ́ ara rẹ̀ rán, mo ri kílíṣí náà sáàárín, mo tún un rán, mo sì lẹ páálí pa. Èrò mi ni pé bí ẹrù bá ti gúnlẹ̀, Ràṣídì á lọ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Rúkà, gbogbo wa á sì fi ṣe ẹ̀rín rín.

Ajá àwọn aṣọ́bodè ló gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí Rúkà pé àwọn bá ẹran nínú ẹrù tí ìwé rẹ̀ sọ pé kò sí ẹran, àwọn sì ti sun gbogbo rẹ̀, tèlùbọ́ tọ̀já. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé ìgbélùú tó ń tọrọ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ̀rù bà á. Ó pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ búra pé òun kò fi ẹran sí i, Rúkà kò gbà. Ni Ìyá Rúkà bá gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ìyá Ràṣídì, bá mi sọ fún un. Ìwọ náà lo dì í."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Rúkà, nígbà tí mo yẹ ẹrù yẹn wò, mi ò rí ẹran kankan o." Kì í ṣe irọ́, àbí? Mo ṣe bí ẹni ń gbèjà ìyá náà, àṣé mo ti dá a lẹ́bi.

Rúkà fèsì. "Aunty, Mama fúnra wọn ni wọ́n rán àpò yẹn, they told me." Ó wá sọ fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Mama, ƙila kin manta ne." Bóyá ẹ gbàgbé ni.

Láti ọjọ́ náà, Rúkà kò bínú mọ́. Àánú ìyá rẹ̀ ló ń ṣe é, ìyẹn ló sì burú jù. Bí ìyá bá sọ pé òun ṣi kọ́kọ́rọ́ gbé, Rúkà á mí kanlẹ̀ lórí fóònù. Ìyá náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara rẹ̀. Ó ń tún ìrun tó ti kí kí, nítorí kò dá a lójú pé òun kí i pé. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó tì mí, ó ní, "Ìyá Ràṣídì, mo ti wá ń rántí báyìí. Mo rántí ibi tí mo ti ra kílíṣí náà." Ó tilẹ̀ sọ bí ẹni tó tà á ṣe rí. Subhanallahi! Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ fún ohun tí kò ṣe, Rúkà sì dárí jì í. Ó wá sọ pé ìyá òun kò lè dá gbé mọ́, kó máa lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrin.

Kí ló pa mí lẹ́nu mọ́? Ìtìjú ni, mi ò ní parọ́. Ta ni yóò tún gbé páálí wá fún mi? Ràṣídì nìkan ni mo jẹ́wọ́ fún, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣáà ti parí ìjà. Mo bínú sí i, àmọ́ mo ṣe ohun tó wí.

Lánàá, Ìyá Rúkà kó ẹrù rẹ̀ wá fún mi, ó ní òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ òun mọ́. Mo dì í, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, títí dórí ṣíbí. Mo ní kó kà á kó tó buwọ́ lù ú. Kò kà á.

"Ohun tí o bá ti kọ náà ni," ó ní. "Ìwọ lo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Ó buwọ́ lù ú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó pé: ìyá ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí ọmọ?