Ìwé Tí Ìyá Ìwé Fi Ọdún Méjìdínlógún Wá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí èmi igbákejì wá sọ̀rọ̀ ìdágbére fún Ìyá Ìwé, ọ̀gá ilé ìkàwé wa tó ń fẹ̀yìn tì lónìí, mo sì ti kọ ọ̀rọ̀ dídùn sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kíndìnrín mi méjèèjì ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbé ohun tó wà níkùn mi yìí dé ọ̀run. Ìyá Ìwé, ẹ jókòó dáadáa. Ẹjọ́ yín ni mo fẹ́ rò, èmi ni ọ̀daràn ibẹ̀.

Gbogbo yín lẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn Ìyá Ìwé, pé òun ló sọ ìwé àfọwọ́kọ àgbà olùkọ́ yẹn nù. Ogójì ọdún ni bàbá náà fi kọ orúkọ ewé àti igi sínú rẹ̀, kò sì ní ẹ̀dà kankan. Nígbà tó kú, lọ́dún méjìdínlógún sẹ́yìn, ọmọbìnrin rẹ̀ gbé e wá, ó fà á lé Ìyá Ìwé lọ́wọ́, torí òun ló ń bójú tó yàrá àwọn ìwé tó ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Èmi àti òun la jọ ń du ipò ọ̀gá. Ta ni ò mọ ẹni tí wọ́n máa mú? Ó mọṣẹ́ jù mí lọ fíìfíì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, á ti máa rìn lọ síbi tí ìwé náà wà. Ìlara ò jẹ́ kí n gbádùn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìgbìmọ̀ tó máa yan ọ̀gá pè wá, ó lọ jẹun ọ̀sán, mo gbé ìwé náà kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo há a sáàárín àwọn ìròyìn ọdọọdún nípa oúnjẹ adìẹ tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Nídìí iṣẹ́ tiwa, ìwé tí wọ́n bá ti fi sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọnù nìyẹn. Mo ní kí ìgbìmọ̀ ṣáà ṣe tán, màá yọ ọ́ jáde, màá ní mo rí i. Ìgbìmọ̀ ṣe tán, wọn ò mú èmi náà. Àlejò ni wọ́n gbé wá. Ẹ wo ayé mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n wá kó àwọn ìròyìn àtijọ́, wọ́n ń lọ lọ̀ wọ́n fi ṣe bébà tuntun. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, páálí ti kún inú ọkọ̀. Awakọ̀ na ìwé àṣẹ sí mi kí n fọwọ́ sí i, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yọ níbẹ̀?"

Mo ní, "Kò sí." Mo fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ lọ.

Wọ́n gba yàrá náà lọ́wọ́ Ìyá Ìwé, wọ́n fi lẹ́tà ìbáwí sínú fáìlì rẹ̀. Ẹlòmíì ì bá fiṣẹ́ sílẹ̀. Òun lọ bá ọmọ olùkọ́, ó bẹ̀ ẹ́, ó ṣèlérí pé òun á wá a títí. Láti ọjọ́ náà, kí ilẹ̀kùn tó ṣí láàárọ̀, á ti wà nídìí pẹpẹ kan, á máa ka ẹ̀yìn ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń wá ọ̀kan yẹn ló ń rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tó ti ṣìnà. Òun ló gbé òfin tí ẹ ń kùn sí kalẹ̀, pé ìwé tí kò bá ní ẹ̀dà, ilẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣú kí á má tíì ya àwòrán gbogbo ojú ewé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi í ṣe ọ̀gá lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó jiyàn. Àwọn yunifásítì mìíràn ń rán òṣìṣẹ́ wọn wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi yìí ló sì mú ní igbákejì. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi.

Ó ní, "Nígbà tí gbogbo ilé yìí ń nàka sí mi, ìwọ nìkan lo ò sọ nǹkan kan."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tẹ́ ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ pariwo nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nínú ọgbà. Ojú á tì yín, ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ kan ni.

Láàárọ̀ yìí mo sọ̀kalẹ̀ lọ pè é wá síbi ètò yìí. Mo bá a lórí àpótí kékeré, awò lójú, ó ń ka ẹ̀yìn ìwé. Ó ní kí n fún òun ní ogún ìṣẹ́jú sí i, ó ku ìlà méjì péré, bóyá ibẹ̀ ló wà.

Ìyá Ìwé, kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n kó o lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá a mọ́. Ẹ̀yin ẹ ò sọ ìwé kankan nù rí. Tẹ́ ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ dárí jì mí. Tí kò bá sì ṣeé ṣe, mo gbà bẹ́ẹ̀.