Òwú Inú Ike, Owú Inú Mi

Irọ́ mi ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn lẹ́kọ̀ọ́ báyìí, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè pa ẹnu mọ́ mọ́. Bí àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn bá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ohun tó máa ń sọ fún wọn ni pé, "Ẹ má gbàgbé òwú yín o. Èmi gbàgbé tèmi lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kó gbé mi lọ." Kò gbàgbé. Èmi ni mo yọ ọ́.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí, ògiri kan ló pín yàrá wa. Nígbà tí kòkòrò HIV kọ́kọ́ dá a dùbúlẹ̀, ìlú tó jìnnà réré ni wọ́n ti ń gba oògùn rẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò sì lè dé ibẹ̀. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń bu omi sí i lẹ́nu. Gbogbo àdúgbò ń kí mi pé, "Alálàá, o kú ìtọ́jú." Wọ́n sọ mí ní Alálàá nítorí ìwé ìtàn tí mo máa ń kà títí ọbẹ̀ á fi jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn ìkíni yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà tó yá, wọ́n gbé oògùn wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní òpópónà wa, lọ́fẹ̀ẹ́. Àrùn tí wọ́n ń pè ní kògbóògùn bá gbọ́ oògùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kún, awọ ara rẹ̀ ń dán, ó ń kọrin bó bá ń fọṣọ. Kò sẹ́ni tó tún ń kí mi kú ìtọ́jú. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú lẹ́nu mi: ó dùn mí.

Ọkùnrin kan wà tó ń tún aago ṣe ní ìkángun òpópónà náà, Bọ̀dá Aláago là ń pè é. Òun ló ń yá mi ní ìwé. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà, òun ni mo máa ń fi ṣe ọkọ, èmi á ṣe ìyàwó. Òun nìkan ni kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ dá ìwé padà, kò bi mí bóyá ó dùn. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?" ló wí. "Ní kí wọ́n mú aago ọwọ́ wọn wá, kí n bá wọn wò ó." Aago tí nǹkan kan kò ṣe. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ó máa ń ki òwú sínú ike oògùn rẹ̀ kó má baà dún nínú àpò. Nígbà tí oògùn jìnnà, ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Ní òpópónà tiwa, gbogbo ojú ló mọ̀ ọ́n. Àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ mú aago lọ, ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣí àpò rẹ̀. Mo yọ òwú kúrò nínú ike, mo fi owú rọ́pò rẹ̀, mo sì ní kí n sìn ín lọ.

Onídìrí tí gbogbo wa ń pè ní Rédíò ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ aago, ó gbé àpò sórí tábìlì: wòròwòrò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀wà lẹ gbé sápò ni?" Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe Rédíò. Rédíò kàn gbà á lẹ́nu mi ni: "Ẹ̀wà kẹ̀? Ike ilé ìwòsàn ọ̀hún ni. Mo mọ ìró ẹ̀ dáadáa." Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpò, ó jáde. Kò gbọ́ èsì tí Bọ̀dá Aláago fọ̀, tí kò tiẹ̀ gbójú sókè: "Èyí tó bá ń dún ló wà láàyè, Rédíò. Èyí tí kò dún mọ́ ni wọ́n ń gbé wá bá mi."

Nílé, ó bi mí pé, "Alálàá, àbí mo gbàgbé òwú ni?"

"Ẹ gbàgbé ni."

Ẹ dúró, n kò tíì dé ibi tó burú jù. Bọ̀dá Aláago pè mí, ó ní, "Gbé aago yìí fún wọn. Sọ fún wọn pé mo ń retí wọn." Mo gbé aago délé, n kò gbé ọ̀rọ̀ délé. "Ó ní kí n dá a padà fún yín," ni mo wí. Ẹ̀gbọ́n mi wo aago náà títí. Láti ọjọ́ náà kò jáde sí òpópónà wa mọ́, kò sì lọ gba oògùn mọ́. Mo rí ike tó ṣófo lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo fi ìgbálẹ̀ tì í sẹ́yìn. Ó tún dùbúlẹ̀. Mo tún ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún ń kí mi. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi í pé, "Oògùn fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló lé e?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi ni." Èmi ni mo di ife omi mú.

Wọ́n ti pààrọ̀ oògùn fún un, ara rẹ̀ ti ń yá. Bọ̀dá Aláago ti kó lọ, n kò mọ ibi tó kó lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àbúrò, ẹ ṣọ́ra fún ìtọ́jú tó ń gba oríyìn; ó lè máa wu yín kí aláìsàn má dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi, orí ìrọ̀rí yín ni mo máa fi ìwé yìí sí. N kò ní wọlé wá wojú yín. Bí ẹ bá kà á tán, tí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ yọ òwú yẹn, kí ẹ mi ike náà. Ògiri wa fẹ́lẹ́. Mo ti gbé etí lé e.