Síwíìn Tí Mo Kọ́ Salman Nígbà Òjò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ̀mí tó bọ́ lára mi. Bí mo bá gbé e wọ sàréè, ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ á kán, ọrùn mi ni yóò sì wà. Èmi Tìrìmísíyù, tí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbá gọ́ọ̀fù láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ ń pè ní Kóòṣì, èmi ni mo ba ẹ̀yìn Salman jẹ́. Ẹ ti gbọ́ pé àìgbọràn rẹ̀ ló fà á. Irọ́ ni. Ẹnu tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí náà ni mo fi pa irọ́ ọ̀hún. Mo ti ní kí Sọ̀fíyàt ọmọ mi fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo yín. Ẹ má káàánú mi bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn mi ń gbọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe ná.

Jímọ́ọ̀ tó kọjá, Salman gba Ìtòkín wá kí mi nínú yàrá tí mo háyà ní Ìtamágà, níbi tí àìsàn kíndìnrín dá mi dùbúlẹ̀ sí. Ó ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó mú ẹja gbígbẹ dání bó ṣe máa ń ṣe, ó sì mú Ameerah ọmọ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama, dání. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà.” Ni bàbá rẹ̀ bá ní, “Ó yá, ṣe é kí wọ́n rí i.” Ọmọ náà fa ọ̀pá mọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń nulẹ̀ yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kan ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kí ìbàdí rẹ̀ mì rárá, ó wá fi òkè ara nìkan yí gìdì. Bó ti ṣe é tán ló fọwọ́ ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Salman ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ kọ́ mi gan-an ni mò ń kọ́ ọ. Òjò ti dé, pápá ti kún fómi. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, síwíìn rẹ̀ á ti gún régé.” Mo fẹ́ pariwo, omi ojú ló jáde. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ gọ́ọ̀fù, síwíìn ni bí èèyàn ṣe ń gbé ọ̀pá sókè, tó ń yí ara, tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ìbàdí ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. Bí ìbàdí bá yí, ẹ̀yìn á sinmi. Bí wọ́n bá so ìbàdí mọ́lẹ̀, egungun ẹ̀yìn ni yóò máa jẹ ìyà rẹ̀. Nígbà òjò, omi máa ń gba pápá wa, kò sí ìdíje, kálukú á lọ máa tún síwíìn rẹ̀ ṣe de ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ apẹja ni Salman, ọmọ Ẹ̀pẹ́ pọ́ńbélé. Láti kékeré ló ti ń bá bàbá rẹ̀ ju àwọ̀n lórí ọ̀sà, ara rẹ̀ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí ìbàdí láì sí ẹni tó kọ́ ọ. Bó bá gbá bọ́ọ̀lù, ẹnu á ya èèyàn. Èmi tí mo ti lo ìgbà ayé mi nídìí rẹ̀, mi ò gbá irú ẹ̀ rí. Ó dùn mí wọra. Ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀, mò ń jowú rẹ̀!

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nínú ìdíje tó kẹ́yìn kí òjò tó dé, Salman fàgbà hàn mí lójú gbogbo èrò. Alágbà Mojúbàolú, alága ẹgbẹ́ wa nígbà yẹn, pè é síwájú, ó ní, “Salman, bọ́ọ̀lù rẹ ń ya sọ́tùn-ún díẹ̀. Tún un ṣe nígbà òjò yìí. Bó bá ti gún, ìwọ la máa fi rọ́pò Kóòṣì.” Mo wà níbẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ta ni Salman wá bá fún àtúnṣe? Èmi ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ipò yín ni wọ́n ń sọ. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, mi ò ní dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́ mi.” Ẹ wo ọmọlúàbí, ẹ wo ìkà. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti rí ohun tó ń ṣe é. Àtàǹpàkò òsì rẹ̀ ló ń ṣí sílẹ̀ lára ọ̀pá. Kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ó parí, kí ẹ̀kọ gbígbóná tó tutù. Mo gbé e mì. Mo ní, “Ìbàdí rẹ ló ń bà ọ́ jẹ́. Ó ń mì jù. Àfi ká dè é mọ́lẹ̀.”

Mo wá ń mú un lọ síbi tí wọ́n ń kó yanrìn odò jọ sí ní Èbúté Ìkòròdú. Mo ní kó ri ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú yanrìn tútù dé ọrùn ẹsẹ̀, kó máa fi ọ̀pá gbá táyà àtijọ́ kan. Ẹsẹ̀ tó bá rì bẹ́ẹ̀, ìbàdí ò lè yí. Òjò ń pa á, ó ń gbá a. Kò pẹ́ tó fi ń sọ pé ẹ̀yìn ń ro òun. Mo ní ara tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìrora náà le, mo mú un lọ sọ́dọ̀ Hussein, ọ̀rẹ́ mi tó ní kẹ́míìsì ní Ìgbògbò. Hussein fọwọ́ kàn án, ó pè mí sẹ́yìn káńtà. “Kóòṣì, ẹ̀yìn ọmọ yìí ò dáa o. Ẹ jẹ́ kó lọ ya fọ́tò egungun.” Mo ní, “Gún un lábẹ́rẹ́ kó má jẹ̀rora mọ́, kó o sì panu mọ́.” Ó gún un. Bí ìrora ṣe dákẹ́ nìyẹn, tí ẹ̀yìn sì ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó kù dẹ̀dẹ̀ kí alága wá wò ó, nígbà tí Salman sọ fún mi láàárọ̀ kan pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ òsì mi ti kú tipiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sinmi lónìí.” Mo jágbe mọ́ ọn. “Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Mú ọ̀pá tó gùn jù, gbá a pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ!” Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì wa yanrìn bo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ kì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn yẹn ò ní gbà á mọ́, ohun tí mo dúró dè nìyẹn. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó yí, mo gbọ́ “ká!” Ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú yanrìn. Ó ń ké, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí!” Mi ò sáré. Mo dúró wò ó títí ó fi dá mi lójú pé kò ní lè dìde.

Rọ̀kíbátù ìyàwó rẹ̀ sáré wọ ilé ìwòsàn, ó pọn Ameerah, tó ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà náà, sẹ́yìn. “Kóòṣì, kí ló ṣe ọkọ mi?” Mo ní, “Ìbàdí rẹ̀ ló mì. Ohun tí mo ń kìlọ̀ fún un lójoojúmọ́ nìyẹn, kò gbọ́ràn.” Salman gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbà á gbọ́. Látọjọ́ náà, kò lè ju àwọ̀n mọ́, ó ń jókòó tún ti ẹlòmíì ṣe létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, èmi sì jókòó sórí ipò mi. Ọdún Iléyá tó tẹ̀ lé e, ó gbé ẹja wá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí pé mi ò gbọ́ràn.” Mo sì dárí jì í. Ẹ̀yin èèyàn, mo dárí jì í!

Ìdí nìyẹn tó fi ń kọ́ ọmọ rẹ̀ báyìí pé ìbàdí ò gbọdọ̀ mì. Ó fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ẹ̀kọ́ tí òun ò gbọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ tèmi kò bá a. Lánàá, mo pe Salman lórí fóònù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò ku ẹyọ kan: àtàǹpàkò, yanrìn, abẹ́rẹ́, bí mo ṣe dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, àìsàn ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ fẹ́ gba ẹ̀bi mi rù kí ẹ tó lọ. Ta ló tún ṣe mí lóore bíi tiyín?” Mo búra, mo fi Kùránì búra. Ó ní kí n lọ sinmi. Mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ohùn rẹ̀, gbì, gbì, ọmọ náà ń gbá táyà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ìlara gbà yín lọ́wọ́ ara yín. Ẹ wo bó ṣe ṣe mí. Ní ti ìdáríjì, mi ò rójú bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó dárí jì mí kò gbà pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé Salman ní Ẹ̀pẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí mo bá kú, ẹ má wá síbi ìsìnkú mi. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ lọ gba ọ̀pá yẹn lọ́wọ́ ọmọ náà.