Ọ́ìlì Tí Mo Fi Sí Ilẹ̀kùn Wọ́ọ̀dù Àwọn Obìnrin

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ jókòó. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló kù fún mi, n kò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ibojì. Ẹ má sunkún. Ẹ jẹ́ kí inú bí yín.

Ẹ ṣì rántí ilé ìwòsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ìjọba òyìnbó kọ́ fún àwa Ìńdíánì, àwa tí a ni ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé. Èmi ni mò ń tún nǹkan ṣe níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́. Bí mo bá ti tú ẹ̀rọ palẹ̀, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Halvorsen, dókítà òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa, fi ẹ̀rọ iná sí ìkáwọ́ mi. Ó ní, "Ìwọ ò dà bí àwọn èèyàn rẹ." Mo rẹ́rìn-ín. Òmùgọ̀ ni mí!

Lọ́sàn-án, dandan ni kí àwọn aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí méjì, láìsọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni Halvorsen máa ń yọ́ wọlé sọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Àwọn obìnrin náà bá da iyanrìn sí ínjìsì, irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí, kó lè máa ké, kí wọ́n lè tètè dìde jókòó pọ̀. Halvorsen ní kí n wá tún un ṣe. Mo yọ irin rẹ̀, mo nù ún, mo fi ọ́ìlì sí i. Ilẹ̀kùn wá ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú mi dùn!

Agathe, ọmọ àǹtí mi, tó wà lára àwọn aláìsàn náà, dá mi dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ké fún wa."

"Kí ló ń lé yín?"

"Ẹ̀ ń bi mí? Ẹ kúkú mọ̀."

Lóòótọ́, mo mọ̀. Mo tún fi ọ́ìlì sí i. Lọ́jọ́bọ̀, Halvorsen fipá bá Agathe lò pọ̀.

Agathe fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Halvorsen pè mí: "Ilẹ̀kùn yẹn máa ń pariwo, àbí?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi da iyanrìn padà síbẹ̀.

Ọlọ́pàá ṣí ilẹ̀kùn, ó ké débi pé nọ́ọ̀sì sáré gòkè wá. Ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lú ariwo yìí, ta ló lè yọ́ wọlé? Obìnrin Ìńdíánì! Ta ló tún ń fipá mú yín?" Ó kọjú sí mi. "Ṣé bó ṣe máa ń ké nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Agathe wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

Noël ọkọ rẹ̀ lé e jáde. Ogójì ọdún lẹ fi ń pè é ní onírọ́, ẹ sì fi kọ́ àwọn ọmọ yín. Halvorsen ńkọ́? Wọ́n sin ín tìyìtẹ̀yẹ!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọwọ́ yín mọ iṣẹ́, kí ẹ tó tún nǹkan ṣe, ẹ béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe níkà. Agathe, ìwọ tí o jókòó lẹ́yìn yẹn, n kò ní kí o dárí jì mí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó pè ọ́ ní onírọ́ yóò dìde báyìí, lójú mi, wọn yóò wá bẹ̀ ọ́.

Noël, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dìde.