Màlúù Ta Ló Kú?

Lọ́jọ́ tí mo lọ ra òògùn ewúrẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn ẹran kan ní Ajah, ìyá onílẹ̀ kan àti Fúlàní tó ń bá a da màlúù ló ń bára wọn sọ̀rọ̀ níwájú mi. Ìyá yìí ta ilẹ̀ nígbà tí títì ńlá dé, ó fi owó rẹ̀ ra màlúù mẹ́ta sínú agbo darandaran náà.

"Màmá, àrùn egbò ẹnu àti ẹsẹ̀ yìí ti pa méjì."

"Ti ta ni?"

"Tiyín ni, Màmá."

"Méjèèjì? Ọmọ mi, àrùn yìí mà kàwé o! Ó ń wo orúkọ kó tó pa ẹran."

Títí dòní ni ọ̀rọ̀ yẹn ń pa mí lẹ́rìn-ín.

"Èwo ló tún ń ṣàìsàn?"

"Pupa yẹn ni. Tiyín náà ni. Ẹ wá ra abẹ́rẹ́ rẹ̀."

"Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Alápatà ni màá pè wá mú un lónìí, kó tó gbẹ mọ́ eegun."

Darandaran fò sókè. "Háà, Màmá! Ara rẹ̀ á yá! Wàrà rẹ̀ la fi ń jẹun nílé mi!"

"Ṣé màlúù mi kọ́ ni?"

Ó ṣí fìlà, ó họ orí. "Ó dà bíi pé dúdú ni tiyín."

"Ara dúdú ńkọ́?"

"Ó le koko."

"Àwọn tó kú wá ńkọ́?"

"Màmá, ẹ jẹ́ n padà lọ wo agbo dáadáa."

Ìyá ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́pá. "A jọ ń lọ ni."