Òkú Tí Bàbá Mi Fi Eérú Lé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ bá mi dá sí i, nítorí ó ti ju agbára mi lọ. Bàbá mi wà lórí ibùsùn àìsàn ní Ìpotì, ohun kan ṣoṣo ló sì ń bi mí: ibo ni wọ́n sin bàbá òun sí? Mo mọ ibẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mò ń wo ojú arúgbó náà, mò ń purọ́ pé n kò tíì rí nǹkan kan. Èmi tí n kì í purọ́ fún oníbàárà pé aṣọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí! Aránṣọ ni mí ní Àrámọkọ, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹnu mi mú. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti jókòó ti Bàámi báyìí, ọ̀rọ̀ á pòórá lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n gbé e ka iwájú yín bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi lọ sí ogun Bọ́mà nígbà tí òyìnbó ń kó àwọn ọ̀dọ́ wa lọ. Ọmọ kékeré ni Bàámi nígbà náà. Nígbà tó yá, ará ìlú kan tí wọ́n jọ lọ padà dé, ó ní ìṣojú òun ló ti ṣubú, kò sì dìde mọ́. Ilé dàrú. Wọ́n kó aṣọ tó fi sílẹ̀, wọ́n sì sin ín bí ẹni ń sin òkú gidi, wọ́n ṣe gbogbo ètò ìsìnkú láìku ohun kan. Nígbà tí ọ̀fọ̀ tán, wọ́n ṣú ìyá Bàámi lópó fún àbúrò ọkọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láyé ìgbà yẹn.

Ìtàn tó tẹ̀lé e ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa dàgbà, a sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàámi àti ìyá rẹ̀ wà nídìí ààrò, àwọn ọkùnrin ilé kò tíì ti oko dé. Ọkùnrin kan yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé àpótí rù, ó wọ ṣòkòtò ṣọ́jà. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó figbe ta: “Òkú wọ ulé o!” Ó ṣubú lulẹ̀, gbogbo agbo ilé sì fọ́n ká. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ẹni tí a ti sin, tó tún ń yọjú sí ènìyàn, ṣé kì í ṣe àkúdàáyà ni? Wọ́n sì máa ń sọ nílé wa pé eérú ni èèyàn ń dà sí irú wọn lójú, kí wọ́n má baà mọ ọ̀nà wá mọ́. Bàámi ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ó bu eérú gbígbóná nínú ààrò, ó sì dà á sí òkú náà lójú. Òkú pariwo, ó ń táràrà jáde. Nígbà tí àwọn ará oko dé, wọ́n gbé ọmọ náà jó, wọ́n pa àkùkọ fún un. Títí di òní, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù láyé ṣì ń kí i ní “Akọni tó lé òkú!” Ìyá kan tó ń ná ọjà tilẹ̀ ní òun tún rí ọkùnrin náà ní Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n ní bí àkúdàáyà ṣe ń ṣe nìyẹn, ìlú ẹlòmíràn ni wọ́n ń lọ gbé, kí ìyá náà má ṣe kí i o.

Lọ́dún tó kọjá, Bàámi gbọ́ lórí rédíò pé òyìnbó kọ orúkọ gbogbo ṣọ́jà tó kú àti ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Ló bá di pé kí n lọ wá ti bàbá òun, kí òun tó kú. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ní Ìbàdàn. Mo wo orúkọ àwọn òkú títí ojú fi ń ro mí, kò sí tirẹ̀ níbẹ̀. Inú bí mi. Obìnrin tó ń bá mi gbé ìwé ní, “Mọ́mì, ẹ wo ìwé ìròyìn ọdún tó tẹ̀lé ogun, ìròyìn máa ń pẹ́ nígbà náà.” Mò ń ṣí i, mò ń sín, eruku bo gbogbo imú mi, àfi bí mo ṣe rí ojú Bàámi nínú fọ́tò. Imú yẹn, iwájú orí yẹn! Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, àti Ìpotì.

Kò kú. Ó fara gbọgbẹ́ ni, ó pẹ́ ní ọsibítù lókè òkun. Ó sọ fún oníwèé ìròyìn pé nígbà tí òun dé ilé, ìyàwó òun figbe ta, ọmọ òun da eérú sí òun lójú, ojú kan sì fọ́ pátápátá. Ó ní òun ti gbọ́ pé àbúrò òun ló fẹ́ ìyàwó òun báyìí, òun kò ní lọ da ilé wọn rú. Ọkọ̀ akérò ló ń ṣọ́ ní gáréèjì Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n bi í bóyá ó ń bínú sí ọmọ náà. Ó ní rárá, ó ń gbèjà ìyá rẹ̀ ni.

Mo sunkún nínú ilé ìjọba bí ọmọdé. Mo gba Ẹ̀fọ̀n lọ. Bàbá àgbàlagbà kan mọ̀ ọ́n, ó ní ẹ̀yìn gáréèjì àtijọ́ ni wọ́n sin ín sí, ilé ìtajà ti wà lórí rẹ̀ báyìí. Gáréèjì tí Bàámi máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí jẹun nígbàkígbà tó bá ń lọ sí Iléṣà! Háà, irú ayé wo nìyí? Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ pa Bàámi ni? Sọ pé Bọ́mà ni sàréè wà, kó lè fọkàn balẹ̀ kú.” Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti ń to irọ́ náà lẹ́nu.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, àwọn ọmọ-ọmọ yí Bàámi ká, wọ́n ní kó sọ ti òkú tó lé. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó dé ibi eérú, kò sọ ọ́ parí. Ó ní kí gbogbo wọn jáde, ó di ọwọ́ mi mú.

“Ìwọ tí ò ń ka ìwé àtijọ́, ṣé òkú a máa sunkún?”

Mo ní, “Bàámi, kí ló dé?”

“Èyí tí mo lé yẹn, mo tẹ̀ lé e dé ìta. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó bo ojú, ó ń sunkún, ó ń pe orúkọ mi.”

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ bu omi wá. N kò padà wọlé, mo wọ ọkọ̀, mo sá wá sí Àrámọkọ. Ó ti ránṣẹ́ pè mí láti ìgbà náà, ó ní òun ṣì ń retí èsì òun. Ọ̀la ni mò ń lọ. Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ tó bí mi lọ́mọ àti ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, kí ni kí n sọ fún un? Ṣé òkú a máa sunkún?